Kókó Mẹ́ta Lábẹ́ Àga

Brother Múyìíwá ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Òun nìyẹn lórí bẹ́ńṣì kẹta, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sá jáde. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tó sọ, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi tú ilé mi ká. Ọlọ́run tó ń wo abẹ́ àga, tó ń wo abẹ́ ọkàn, mo wólẹ̀. Ẹ yin Olúwa!

Ẹ ṣé. Pásítọ̀ ní kí n má lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Pásítọ̀, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tó gba ọdún mẹ́ta kó tó dé ibi tó dé, bí mo bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ọ́, irọ́ ni mo pa.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Daddy Sìmi, oníkúṣìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Jeppestown, ilé mi wà ní Rosettenville. Àwọn àga iwájú tí àwọn alàgbà jókòó lé yẹn, èmi ni mo rán awọ wọn. Ìyàwó mi, Sister Bọ́lánlé, ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé kan ní Randburg. Òun ló wọ búlúù níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín? Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbóná, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Mo tún ní àbúrò kan, Lékan. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ yìí á rántí rẹ̀. Èmi ni mo mú un wá sí Joburg, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹ ò rí i mọ́, mo sọ fún yín pé ó ti padà sí Nàìjíríà. Ẹ fi ìyẹn sí apá kan ná, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ní ọjọ́ Monday kan, Brother Múyìíwá gbé ìjókòó ọkọ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun rán an. Ó gbé e kalẹ̀, kò lọ. Ó ń wo ògiri. Ó ń wo abẹ́rẹ́. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé èmi ò kì í dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya."

Mo ní, "Mo mọ̀ pé ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ. Sọ̀rọ̀."

"Mo rí Mummy Sìmi ní Yeoville lọ́jọ́ Fráídé. Ní Rockey Street níbẹ̀. Wọ́n gbé kúlà oúnjẹ dání, wọ́n sì gun àtẹ̀gùn ilé ọtí kan lọ sókè."

"Kí ni ìwọ ń wá ní Rockey Street?"

"Spare parts ni, ẹ̀gbọ́n."

"Nínú ilé ọtí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tiyín là ń sọ."

Ẹ rẹ́rìn-ín o, èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ará, owú kì í kanlẹ̀kùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti jókòó sáàárín ilé mi bí àlejò tó gbé àpótí wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Ọjọ́ Fráídé nìkan ni ìyàwó mi máa ń pẹ́ dé. Bí mo bá bi í, á ní robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, kò ṣiṣẹ́, ọkọ̀ sún kẹ̀rẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé, ṣé Fráídé nìkan ni robot máa ń bàjẹ́ ní Randburg ni?

Lẹ́yìn náà mo rántí oúnjẹ. Ní gbogbo alẹ́ Thursday, ìyàwó mi máa ń rin ewùrà, á fi se ìkókórè. Èmi á jẹ díẹ̀, á rọ ìyókù sínú kúlà, á ní òun ń gbé e lọ fún ẹnì kan níbi iṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ títí, mi ò ronú sí i. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Múyìíwá, mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń jẹ ìkókórè ní Randburg? Òyìnbó arúgbó? Ọmọ Zulu? Ẹ̀yin ará, ọmọ Ìjẹ̀bú ni! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ gbogbo ọkùnrin Ìjẹ̀bú tó wà nínú ìjọ yìí. Ẹ forí jì mí. Baba Ọ̀ṣọ́sàmì, ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ṣọ́ ẹ̀yin náà. Ọjọ́ Sunday tí ẹ bọ ìyàwó mi lọ́wọ́ tí ẹ ní "ẹ kú iṣẹ́ Olúwa," mo ka iye ìgbà tí ẹ mi ọwọ́ náà.

Mo bi Sìmi léèrè, mo dọ́gbọ́n sí i, pé níbo ni ìyá rẹ̀ ń lọ ní Fráídé. Ọmọ náà ò gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Daddy, she's at work. Why don't you just ask her?" Ọmọ ọdún mẹ́tàlá gba mí nímọ̀ràn, mi ò gbà á. Bí mo bá gbà á, n kì bá tí ní ẹ̀rí tí màá jẹ́ lónìí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé Ọlọ́run. Mo gbàwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mi ò fi omi kan ẹnu. Ẹ mọ àdúrà tí mo gbà? Mi ò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tún ilé mi ṣe. Mo ní, "Ọlọ́run tí í tú àṣírí, tú àṣírí ẹni tó ń ṣe ìkọ̀kọ̀ nínú ilé mi. Ohun tó fi pamọ́, fà á jáde." Mo fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ṣe "Àmín" tòótọ́tòótọ́. Ọlọ́run gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí àdúrà yẹn, torí Ó dáhùn rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe gbà á.

Fráídé àkọ́kọ́, mo wọ taxi lọ sí Yeoville. Ẹ̀yin tí ẹ ò dé ibẹ̀ rí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bí ẹni tí ò dé ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Òpópónà àwa àlejò ni. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀ ni ibẹ̀ ń jí. Àwọn ará Congo ń kọrin ní ìhín, wọ́n wọ bàtà tó ń dán bíi dígí. Àwọn ará Ethiopia ń yan kọfí ní ọ̀hún. Ará Cameroon ń sun ẹja lórí ẹyín iná, èéfín rẹ̀ sì ń lé ènìyàn kiri. Ọmọ Ìbò ń ta pẹ́pà súùpù. Àwọn ọmọ Zimbabwe ń jó láìtíì mutí. Kí n má parọ́ ní iwájú pẹpẹ, ibẹ̀ dùn wò. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú. Mo ní, ibi tó dùn báyìí, ó wá ń lọ láìsí èmi?

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Mo wo gbogbo àtẹ̀gùn, mi ò mọ èyí tí Múyìíwá ń wí. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó kan sọ fún mi pé, "Eish, madala, you are lost?" Madala! Àgbàlagbà! Èmi tí mo da dúdú sí irun kí n tó jáde nílé.

Ibi tí mo ti ń bínú lọ ni mo ti gbójú sókè, mo rí ilé ọtí kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní báńkónì tó kọjú sí títì. Àwọn àga tó wà níbẹ̀ mú mi dúró. Awọ pupa. Wọ́n rán an gún régé, igun rẹ̀ mú bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, kò sí ibi tó ká kò. Mo ti ń ṣe kúṣìn láti kékeré, n kò rí èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Joburg. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé owú tún mú mi? Mo dúró lójú títì, mo ń jowú ọwọ́ tí mi ò mọ ẹni tó ni ín. Mo gbàgbé ìyàwó mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní, ta ni oníṣẹ́ yìí tí kò jẹ́ kí àwọn oníbàárà wá sọ́dọ̀ mi?

Fráídé kejì, mo tètè dé, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ìtajà kan ní òdìkejì. Nígbà tó yá, ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀ nínú taxi. Kúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn ilé alágà pupa gan-an. Mo rí i ní báńkónì. Ọmọkùnrin kan jáde pàdé rẹ̀, ó dé fìlà, irùngbọ̀n kún gbogbo àgbọ̀n rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìyàwó mi, tó ti lé ní ogójì, gbé kúlà kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún un.

Ó kúnlẹ̀ o! Ní ilé ọtí! Fún ọmọdé!

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ sọ fún mi, ta ni obìnrin Yorùbá ń kúnlẹ̀ kí? Ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ń kúnlẹ̀ kí ọkọ. Ọmọ yẹn kì í ṣe àgbà. Mo ní, ó ti tán. Ó ti fi í ṣe ọkọ.

Mo sáré délé. Mo kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì Ghana-must-go méjì, mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ bàbá rẹ̀ láago ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ní kí wọ́n máa retí ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Àna mi, kí ló ṣe?" Mo ní wọn yóò gbọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kì í ṣe àga tí ènìyàn ń dá padà fún ẹni tó tà á." Mo já fóònù sí wọn létí. Ọlọ́run, mo tọrọ àforíjì.

Fráídé kẹta, mi ò dúró nísàlẹ̀. Mo wọ kóòtù mi, mo gun àtẹ̀gùn. Ìyá ará Congo kan ló ni ibẹ̀, wọ́n ń pè é ní Mama Solange, obìnrin sígbọnlẹ̀ kan tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó bi mí pé kí ni màá mu. Mo ní Fanta. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó gbé e wá. Mo lọ jókòó sẹ́yìn òpó, lórí ọ̀kan nínú àwọn àga pupa yẹn. Mo ti pinnu. Bí wọ́n bá ti pàdé, àga tí mo jókòó lé ni màá gbé sókè, orí ọmọ yẹn ni màá sọ ọ́ sí. Kí ọlọ́pàá mú mi, kí wọ́n dá mi padà sílé, kó burú kó bàjẹ́.

Ìyàwó mi wọlé. Kò rí mi. Ọmọ onífìlà jáde láti ẹ̀yìn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ àga láti gbé e.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti mú mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá wa tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi àlùmágàjí gé okùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rán awọ dé òpin, á yí àga dojú délẹ̀, á ta kókó mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, á wá fa ìdí okùn náà padà gba abẹ́ kókó àárín. Oníbàárà kankan ò lè rí i. Wọ́n máa ń sọ pé ibi tí ojú ò tó ni wọ́n fi ń mọ oníṣẹ́. Èèyàn méjì péré ni wọ́n kọ́ ní kókó yẹn láyé. Èmi ni ọ̀kan.

Ìka mi bà á lábẹ́ àga. Kókó kan. Kókó méjì. Kókó mẹ́ta. Okùn náà sì padà gba abẹ́ ti àárín.

Ọwọ́ mi kú síbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ní, "Ìyàwó wa, ẹ dìde jàre. Ẹ ò rí i pé ilé ọtí nìyí?" Ó wá ṣí fìlà. Ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi gẹ́lẹ́ ni mo rí. Lékan ni.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i bí owú ṣe ń fọ́ni lójú? Mo gbàgbé àṣà ilé wa! Ọmọ tí obìnrin bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún kan, ó ń kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Lékan lọ́jọ́ tí mo gbé Bọ́lánlé níyàwó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kúnlẹ̀ fún un, tí ọmọ náà á máa sá lọ, tí á máa rẹ́rìn-ín. Ojú mi ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọdún gbọọrọ. Èmi ni mo wá lọ dúró lójú títì tí mo pè é ní panṣágà.

Lékan yíjú, ó rí mi. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó wo àga tí ọwọ́ mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àga yẹn náà ti sọnù ní ṣọ́ọ̀bù yín ni?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sí apá kan nìyẹn. Lékan ò padà sí Nàìjíríà. Èmi ni mo lé e. Ọwọ́ rẹ̀ dùn ju ọwọ́ mi lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin òyìnbó kan gbé àga ìyá rẹ̀ wá láti Randburg, mo na ọwọ́ sí i, ó ní, "No, no. Let Lekan do it." Níwájú gbogbo èèyàn! Nǹkan kan wọ inú mi lọ́jọ́ yẹn, kò jáde. Kò pẹ́, a wá róòlù awọ kan, a ò rí i. Mo ní Lékan ló jí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni màá fi ṣe? Ṣé mo ní ṣọ́ọ̀bù ni?" Mo ní ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Mo lé e síta, ní àkókò tí wọ́n ń lé àwa àlejò kiri ní Jeppestown. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo sún kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, mo rí róòlù awọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé e, mo fi fóòmù bò ó mọ́lẹ̀. Mo dákẹ́.

Gbogbo Sunday ni ìyá wa ń pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Gbogbo Sunday ni wọ́n ń bi mí pé, "Àbúrò rẹ dà? Kí ló dé tí mi ò gbóhùn rẹ̀?" Gbogbo Sunday ni mò ń sọ pé ó wà níbi iṣẹ́. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Mo ní, "Lékan, awọ yẹn ò sọnù. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló wà."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní, "Èmi ni mo rí i lábẹ́ fóòmù, Daddy Sìmi, lọ́jọ́ tí mo wá gbá ṣọ́ọ̀bù. Mo wá àbúrò yín kiri títí mo fi rí i níbí, pé yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí ló ń sùn, tó ń bá wọn tún àga ṣe. Ó ní bí mo bá sọ fún yín, òun á tún sá. Mo wá ń gbé oúnjẹ ilé wá fún un. Mo sì ń gbàdúrà."

Mo ní, "Àdúrà kí ni?"

Ó ní, "Pé kí Ọlọ́run fa ohun tí ẹ fi pamọ́ jáde."

Àdúrà mi ni! Ọ̀rọ̀ kan náà! Ọlọ́run gba àdúrà tọkọtaya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àṣírí sì tú. Tèmi ni.

Mo bú sẹ́kún. Mama Solange dúró lórí mi, ó ní, "Papa, you drink or you cry? The chair is for people who drink." Lékan ló sanwó Fanta yẹn. Mi ò lè mu ún.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló fa báàgì yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ta ló ká gèlè mi báyìí?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo pe bàbá rẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tẹ́rùn.

Lékan wá sílé wa ní Sunday kejì, lẹ́yìn ìsìn. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde. Fóònù dún. Ìyá wa ni. Wọ́n ní, "Àbúrò rẹ dà?" Mo na fóònù sí i. Ó ní, "Màmá." Ìyá wa ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Kí n má tàn yín, Lékan ò tíì padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun ṣì ń rò ó. Àwọn ilé ọtí Rockey Street fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún un láyè mọ́, òun ló ń ṣe àga wọn. Kò wá sí ìsìn òní náà. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi yẹn, òun la fi í sílẹ̀ fún. Owú náà kò sì kú pátápátá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin òyìnbó ọjọ́sí tún wá, ó ní Lékan ni òun ń fẹ́. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo kọ nọ́ńbà Lékan fún un, mo sì sọ fún un láti ẹnu ara mi pé, "He is better than me." Ẹ̀rí mi gan-an nìyẹn. Àwọn mìíràn á wá sọ pé Ọlọ́run fún àwọn ní físà, Ó fún àwọn ní mọ́tò. Èmi, Ọlọ́run fún mi lágbára láti fi ẹnu mi yin ọwọ́ àbúrò mi. Ẹ bá mi fò sókè! Ẹ bá mi yọ̀!

Ó ti tó, Pásítọ̀, mo ń sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá mi kò jẹ́ kí n sùn fún ọdún mẹ́ta, mi ò sì fẹ́ gbé e padà sílé. Ìwọ tí o jókòó níbẹ̀ yẹn, tí ò ń pariwo Halelúyà lé mi lórí, àbúrò tìrẹ dà?